Ọkọ̀ Abẹ́ Omi ní Ìlú Tí Kò Lómi

Lọ́jọ́ tí ìjọba fẹ́ tọwọ́ bọ̀wé láti ra ọkọ̀ ogun mẹ́jọ tó ń rìn lábẹ́ omi, Alágbàfọ̀ kò rí omi bọ́jú. Aṣọ ìnujú kan tó tẹ́ síta lálẹ́ kí ìrì lè sẹ̀ sí i ló fi nu ojú àti ọrùn. Ó wá fi ìwọ̀nba tútù tó kù lára rẹ̀ nu ìka ọwọ́ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń nu ṣíbí àlejò. Àwọn ọmọ ti lọ sílé ìwé láìwẹ̀. Ẹ̀wà tó ṣà sílẹ̀ látàná wà nínú abọ́, ẹ̀wà ń wò ó, òun náà ń wo ẹ̀wà. A kì í fi itọ́ se é. Ẹyin ló dín fún ọkọ rẹ̀, nítorí oúnjẹ tí kò bá ti bèèrè omi ni oúnjẹ ilé wọn láti ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ọkọ rẹ̀ yìí gan-an lọ̀rọ̀ náà wà lórí rẹ̀. Ilé ẹ̀rọ omi ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń yí irin tó ń darí omi sí àdúgbò yìí lónìí, sí àdúgbò yẹn lọ́la. Nígbà tí ẹ̀rọ méjèèjì ṣì ń ṣiṣẹ́, Olómi ni tọmọdé tàgbà ń pè é, wọn a sì máa fà á wọlé kó wá jẹun. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ kan ti kọṣẹ́, tí ìjọba ní kò sówó tí wọn yóò fi ra irin kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ láti fi tún un ṣe, wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà. Aláìlómi ni wọ́n ń pè é báyìí, wọn kì í sì í dúró kó kọjá tán kí wọ́n tó pè é.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bu búrẹ́dì kan sẹ́nu ni fóònù rẹ̀ dún.

"Ẹ káàárọ̀ sà," ó ní. Ó dìde dúró, bí ẹni pé ẹni tó wà nínú fóònù ń rí i. "Bẹ́ẹ̀ ni sà. Gbogbo rẹ̀ sà? Ti ọsibítù náà sà?" Ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀. "Ó ti yé mi sà."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó tún mú búrẹ́dì, ṣùgbọ́n kò gbé e dẹ́nu.

"Kí ni wọ́n ní kí ẹ ṣe sí ti ọsibítù?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Wọ́n ní kí n tì í pa. Gbogbo omi tó bá wà, etíkun ni kó máa lọ títí di ìrọ̀lẹ́."

"Ta ló fẹ́ wẹ̀ létíkun?"

"Kì í ṣe wíwẹ̀. Wọ́n gbẹ́ adágún kan síwájú gbọ̀ngàn tí wọn yóò ti tọwọ́ bọ̀wé. Àwọn àlejò tó fẹ́ ta ọkọ̀ náà mú kékeré rẹ̀ wá. Wọ́n fẹ́ fi han mínísítà bó ṣe ń wọ abẹ́ omi àti bó ṣe ń jáde."

Alágbàfọ̀ dáwọ́ abọ́ tó ń nù dúró. "Òkun wà níbẹ̀. Ṣebí inú òkun náà ni ọkọ̀ ọ̀hún yóò máa gbé?"

"Wọ́n ní omi òkun rú. Wọn ò ní lè rí i dáadáa láti orí àga."

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó fi abọ́ sílẹ̀. "Bàbá àwọn ọmọ, òní ni iṣẹ́ abẹ Màmá."

"Mo mọ̀. Ìyá mi ni."

"Òní ló kan ọsibítù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la ti ń retí òní. Aṣọ tí wọn yóò tẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ Màmá wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi ní yàrá ìfọṣọ wọn, ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ló wà lára rẹ̀."

"Ọsibítù yín ní táńkì lórí òrùlé."

"Ẹyẹ ti ń yé sínú táńkì yẹn."

Olómi wọ bàtà ẹsẹ̀ kan, ó ń fi ẹsẹ̀ kejì wá ìkejì rẹ̀ kiri lábẹ́ àga. "Ìwọ obìnrin yìí, bí n kò bá ṣe é, ẹlòmíràn yóò ṣe é. Èmi yóò wá jókòó sílé, a ó jọ máa wo ara wa. Ibi tí a bá ti ń ṣiṣẹ́ la ti ń jẹ."

"Ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ gé ẹsẹ̀ ìyá ẹni ńkọ́?" ni Alágbàfọ̀ wí. "Kí là ń ṣe níbẹ̀?"

Ọkùnrin náà rí bàtà kejì, ó wọ̀ ọ́. Ó fa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde, ó gùn ún lọ. Búrẹ́dì wà níbẹ̀, àmì eyín rẹ̀ wà lára rẹ̀.

Nígbà tí Alágbàfọ̀ jáde, èrò ti pé síbi ẹ̀rọ omi àdúgbò. Omi kò sí níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì tò láti ẹnu ẹ̀rọ dé iwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Láti ìjẹta ni wọ́n ti ń bá àwọn tó ni wọ́n dúró. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ń ka ìwé ìròyìn sókè fún wọn, bó ṣe máa ń ka ìwé fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, tó ń gbé ojú sókè lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan láti wò ó bóyá ó yé wọn.

"Wọ́n ní ọkọ̀ àkọ́kọ́ yóò dé lẹ́yìn ogún ọdún. Ìkẹjọ, ó di ogójì ọdún."

"Ta ni yóò wà á?" ni onígbàjámọ̀ bèèrè. "Ẹni tí yóò wà á, bàbá rẹ̀ ò tíì mọ ìyá rẹ̀."

"Èmi ò gbọ́ irú èyí rí," ni Oníbúrẹ́dì wí. "Bí ọkọ̀ bá rì, ẹkún la máa ń sun. Ìjọba tiwa ń sanwó kí ọkọ̀ wọn lè máa rì."

"Owó ọ̀hún ńkọ́, Tíṣà? Èló ni?"

Tíṣà wo inú ìwé, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀. "Òǹkà rẹ̀ kò sí nínú èyí tí mo fi kọ́ yín," ó ní. "Apá kò ká eèrà, wọ́n ń nawọ́ sí erin. Irin tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni kò jẹ́ ká rómi mu."

Wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan pé ní aago mẹ́wàá, kí oníkálukú gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo rẹ̀ lọ sí etíkun, kí àwọn tó fẹ́ tọwọ́ bọ̀wé lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ òkò. Bí wọ́n ti rí Alágbàfọ̀, gbogbo wọn dákẹ́. Oníbúrẹ́dì nìkan ló rẹ́nu sọ̀rọ̀.

"Ẹ bá wa kí ọkọ yín. Ẹ ní a kò gbàgbé wọn."

"Wọn yóò gbọ́," ni Alágbàfọ̀ wí, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Yàrá ìfọṣọ ọsibítù wà nísàlẹ̀ ilé, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí. Àwọn obìnrin méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti dé ṣíwájú rẹ̀, wọ́n jókòó lórí ìdì aṣọ. Ìdì aṣọ kún ilẹ̀ dé ojú fèrèsé: ti àwọn abiyamọ, ti àwọn tó fara pa, ti yàrá iṣẹ́ abẹ tó ti gan bí awọ. Àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ la ẹnu sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Kò sí ẹyọ kan tó mọ́?"

"Àfi tí n bá fi ahọ́n lá a," ni Alágbàfọ̀ fèsì.

Nọ́ọ̀sì àgbà ìbá bínú lọ́jọ́ mìíràn. Lọ́jọ́ yìí, ó kàn mi orí, ó lọ.

Alágbàfọ̀ gòkè lọ sí wọ́ọ̀dù. Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà sórí ìrọ̀rí, ìka méjì dúdú níbẹ̀ bí èédú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Sójà nítorí ọmọ rẹ̀ tó wà nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi, ń fi páálí fẹ́ ìyá rẹ̀. Dókítà dúró tì wọ́n, obìnrin kan báyìí tí àìsùn ti mú kí ojú rẹ̀ pọ́n. Ó fa Alágbàfọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìka méjì ni lónìí," ó sọ jẹ́ẹ́. "Aago mẹ́rin ni mò ń lọ. Ọsibítù mẹ́ta ni wọ́n pín mi sí, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí n tó padà wá síbí. Nígbà náà, ẹsẹ̀ ni a ó máa sọ, a kò ní sọ ìka mọ́. Mi ò sì lè fi aṣọ tó ní ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ṣe é."

Màmá ti gbọ́. Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, etí rẹ̀ yá. "Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé," ó ní. "Kí ẹ bá mi bi wọ́n, kí ni tèmi ṣẹ̀?"

"Màmá, ẹ fara balẹ̀," ni Ìyá Sójà wí. "Ọjọ́ ńlá ni òní fún orílẹ̀-èdè, a gbọ́dọ̀ fara dà á díẹ̀. Ọmọ mi ní ọ̀tá pọ̀ níta. Bí a kò bá ní ọkọ̀ yìí, abẹ́ òkun ni wọn yóò gbà wọlé, a kò ní mọ̀."

"Àǹtí," ni Alágbàfọ̀ wí, "bí wọ́n bá wọlé, kí ni wọn yóò kó?"

"Wọ́n lè kó gbogbo ìlú."

"Kí wọ́n ṣáà rántí mú omi dání."

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Nígbà tó húkọ́ tán, ó bi ọmọ rẹ̀ obìnrin pé, "Ọmọ tìrẹ yìí, ó pẹ́ tó ti wá wò mí. Ṣé ó ti lọ sójú òkun ni?"

"Ojú òkun wo, Màmá? Ọkọ̀ méjì tí wọ́n ní, wọ́n so wọ́n mọ́ èbúté láti ọdún tó kọjá, wọ́n ní kò sí epo. Ọ̀dà ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kùn sí wọn lára. Bí wọ́n bá kùn wọ́n tán, wọ́n á tún..."

Ìyá Sójà kò parí rẹ̀. Páálí ọwọ́ rẹ̀ dúró. Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà tó wà nítòsí ló gbọ́.

Alágbàfọ̀ pe fóònù ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò gbé e. Ó sọ̀kalẹ̀, ó fa kẹ̀kẹ́ ńlá tí wọ́n fi ń ti aṣọ jáde, ó kó garawa mẹ́fà àti àwọn báàfù sínú rẹ̀, ó sì sọ fún àwọn obìnrin méjèèjì pé kí wọ́n dìde. Ẹnu géètì ni Ìyá Sójà ti bá wọn.

"Ìyàwó wa, níbo lẹ ń lọ?"

"A fẹ́ lọ bu omi."

"Níbo ni omi wà?"

"Ibi tí àbúrò yín gbé e lọ."

Ìyá Sójà wo àwọn garawa inú kẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn náà, ó fọwọ́ mú ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ náà, ó ń bá wọn tì í.

Ariwo kẹ́ẹ̀gì òfìfo ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ kí wọ́n tó dé etíkun. Èrò kún ẹ̀yìn okùn tí wọ́n nà yí pápá náà ká. Wọ́n ń fi ọwọ́ àti igi lu kẹ́ẹ̀gì, ohùn rẹ̀ ṣófo gbì-gbì-gbì. Níwájú gbọ̀ngàn ni adágún náà wà, wọ́n fi táìlì aláwọ̀ búlúù tó ń dán tẹ́ inú rẹ̀, omi inú rẹ̀ mọ́ gaara. Ẹ̀yin èèyàn mi, omi náà mọ́. Èèyàn lè rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀, kó sì rí bí òǹgbẹ ṣe ṣe ojú náà. Páìpù kan tó tó itan àgbàlagbà ń tú omi sí i lọ́tùn-ún.

Àwọn tó jókòó sórí àga wọ kóòtù. Ìgò omi wà níwájú oníkálukú wọn. Alukoro ìjọba di gbohùngbohùn mú, ó ń ṣàlàyé. Ọkọ̀ kékeré náà, tí kò gùn ju èèyàn méjì tó nà gbalaja lọ, wọ abẹ́ omi lọ bí aláǹgbá tó wọ ihò, ó sì jáde lódì kejì. Àwọn orí àga pàtẹ́wọ́. Alukoro ní kí wọ́n kíyè sí i pé ó rì, kò sì rì. Mínísítà ní kí wọ́n tún un ṣe. Ó tún rì. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ó tó wọn, gbogbo wọn dìde, wọ́n wọ inú gbọ̀ngàn lọ láti tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn nítorí ariwo kẹ́ẹ̀gì.

Alágbàfọ̀ ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé ibi okùn. Ọlọ́pàá kan dúró níbẹ̀.

"Níbo?" ọlọ́pàá bi í.

"Omi ni mo fẹ́ bù."

"Omi ìjọba ni."

Alágbàfọ̀ na àyà aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ síwájú, níbi tí orúkọ ọsibítù wà. "Aṣọ ìjọba náà ni mo fẹ́ fi fọ̀. Wọ́n fẹ́ gé ìka ẹsẹ̀ ìyá ọkọ mi lónìí, kò sí aṣọ tó mọ́ tí wọn yóò tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ní kí n má bù ú, n kò ní bù ú. Ẹ ṣáà sọ ọ́ kí gbogbo èèyàn gbọ́."

Ọlọ́pàá náà wo kẹ̀kẹ́. Ó fi ahọ́n tọ́ ètè ara rẹ̀ tó ti là wò. Ó wá yíjú sí ọ̀nà gbọ̀ngàn, bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, ó sì rìn lọ díẹ̀díẹ̀. Ìyá Sójà ló gbé okùn sókè. Ó gbé e sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì títí kẹ̀kẹ́ fi kọjá, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́.

Garawa àkọ́kọ́ dún nínú omi náà. Kẹ́ẹ̀gì tó ń dún dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni Oníbúrẹ́dì tẹrí gba abẹ́ okùn, onígbàjámọ̀ tẹ̀ lé e, Tíṣà ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Kò sẹ́ni tó ti ẹnìkejì. Ìlà tí wọ́n tò níbi ẹ̀rọ àdúgbò láti ìjẹta, wọ́n tún un tò níbí, oníkálukú mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀.

Ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ omi sáré jáde láti inú gbọ̀ngàn, fóònù wà létí rẹ̀. Alágbàfọ̀ kò jìnnà sí i, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tó ń sọ.

"Omi ń fà. Mo ní omi ń fà. Ṣí i sí i."

Páìpù náà gbin, omi rẹ̀ sì tóbi sí i. Àwọn èèyàn bù ú. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ọkùnrin náà tún pe fóònù. Òógùn ti bo ọrùn kóòtù rẹ̀. "Fi kún un, mo ní kí o fi kún un." Omi tún tóbi sí i, wọ́n tún bù ú. Àwọn tó ti lọ sílé ti ń padà bọ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì mìíràn. Ìgbà tó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ó bẹ̀ ẹ́. Bí páìpù ṣe ń pọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́n ọn. Ọwọ́ àwọn tó ń bù sì pọ̀ ju ẹnu páìpù lọ.

Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé ní tiwọn. Nígbà tí mínísítà àti àwọn àlejò jáde láti wá ya fọ́tò, ọkọ̀ náà ti dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí táìlì búlúù, abẹ̀bẹ̀ ìdí rẹ̀ ń yí nínú afẹ́fẹ́, kò rí nǹkan tì. Àlejò kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú mínísítà, ó gbé e mì. Mínísítà wọ mọ́tò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Alágbàfọ̀ ò dúró wo ìyẹn. Òun àti àwọn obìnrin mẹ́ta ti ń ti kẹ̀kẹ́ gun òkè, omi ń jó sí wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n sì ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin. Aṣọ yàrá iṣẹ́ abẹ nìkan ni wọ́n fi ọwọ́ kàn. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sè é nínú ìkòkò ńlá, wọ́n fún un, wọ́n fi ayọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ ẹ́ títí ó fi gbẹ, èéfín rẹ̀ ń rú sí wọn lójú. Ìyá Sójà tẹ mẹ́rin. Ìka rẹ̀ jó níbi ìkẹta, kò sọ fún ẹnì kankan. Ó ku ogójì ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù ni wọ́n ti Màmá wọlé. Ìka méjì ni dókítà gé. Ẹsẹ̀ kù.

Nírọ̀lẹ́, rédíò kékeré ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ ní wọ́ọ̀dù. Alukoro ìjọba ní ayẹyẹ náà lọ geere. Ó ní inú àwọn ará ìlú dùn sí àdéhùn náà débi pé ọ̀pọ̀ wọn bu omi adágún náà lọ sílé láti fi ṣe ìrántí.

Obìnrin kan tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ìkángun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ di ojú ọgbẹ́ ikùn rẹ̀ mú, nítorí ẹ̀rín ń dùn ún.

Olómi wọlé bá wọn báyẹn. Ó fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri níta, ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀ tó ń sùn, ó wo aṣọ funfun tí wọ́n fi wé ẹsẹ̀ náà, ó wá na ìwé sí ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé ná, nítorí kò bójú tó omi ìjọba bó ti yẹ. Ọ̀gá àgbà ti tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n tọwọ́ bọ méjèèjì: ìwé rẹ̀ àti ìwé ọkọ̀ mẹ́jọ.

"Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n pè mí," ó sọ. "Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni mo ṣí i. Ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ni mo ṣe."

Ìyá Sójà wo àbúrò rẹ̀. "Ariwo èèyàn pọ̀ níbi tí ọ̀gá yín ti ń pè ọ́. Ṣé o kò gbọ́ wa nínú fóònù ni?"

Olómi tún wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.

"Mo gbọ́ ohùn garawa," ó ní.

Ìyàwó rẹ̀ ká ìwé náà sí méjì, ó fi í sábẹ́ itan. Lẹ́yìn náà, ó sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó fún un láyè.